Ọ̀nà Iṣẹ́ Abẹ Fún Àwọn Ọmọ Ẹnu Ọ̀wá: Bí A Ṣe Lè Lo Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Orí Ẹ̀rọ Ayélujára

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè lo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí ẹ̀rọ ayélujára láti fi iṣẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ìgbà tó yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ọ̀nà dí.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó yàtọ̀ díẹ̀. Láti Ẹnu Ọ̀wá, nítòsí Ìga Ìdúngànrán, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ọ̀dàn, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1893. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọjá lẹ́nu géètì rẹ̀ ni kò tíì bá oníṣẹ́ abẹ kankan sọ̀rọ̀ rí, àfi bóyá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹnì kan nílé wọn lọ síbẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ lè bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe dé ibi tí ẹ dé yìí?" Ohun tó sún mọ́ wa la kò rí. Èyí ni ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi ṣe pàtàkì.

KÍ NI IṢẸ́ ABẸ?

Ọ̀rọ̀ náà ti sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀. Abẹ ni irin mímú tí a fi ń gé nǹkan. Àwọn baba wa mọ olóòlà, ẹni tó ń fi abẹ kọ ilà fún ọmọ. Nítorí náà, kí a fi irin mímú ṣe iṣẹ́ lára ènìyàn fún ire rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Oníṣẹ́ abẹ òde òní ni dókítà tó ń la ara aláìsàn, tó ń yọ ohun tó bàjẹ́ kúrò tàbí tó ń tún un ṣe, tó sì ń rán ojú ibẹ̀ padà.

Ẹ̀ka iṣẹ́ náà pọ̀. Àwọn kan ń tọ́jú egungun àti oríkèé, irú èyí tí ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Igbóbì ti ń ṣe láti ọdún 1945. Àwọn kan wà fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn kan fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, àwọn kan fún kíndìnrín àti ilé ìtọ̀. Àwọn tó ń ṣe ti ojú wà, àwọn tó ń ṣe ti etí, imú àti ọ̀fun wà. Àwọn kan kì í tọ́jú ẹlòmíràn bí kò ṣe ọmọdé. Àwọn kan ló sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún tí ọmọ há sí nínú.

Kò sí oníṣẹ́ abẹ tó ń dá iṣẹ́ ṣe. Dókítà mìíràn ló ń fún aláìsàn ní oògùn oorun, tó sì ń ṣọ́ èémí rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nọ́ọ̀sì ló ń na irinṣẹ́ sí dókítà, òun náà ló sì ń kà wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ kí ohunkóhun má baà ṣẹ́kù sínú aláìsàn. Àwọn kan ń pa kòkòrò àìfojúrí ara irinṣẹ́, àwọn kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn kan sì ń tún ẹ̀rọ yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe. Ọmọ tí kò fẹ́ mú abẹ dání lè rí àyè tirẹ̀ nínú gbogbo ìwọ̀nyí.

Ṣé a nílò wọn? A nílò wọn gan-an. Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ pé bílíọ̀nù 5 ènìyàn láyé ni kò lè rí iṣẹ́ abẹ tó dára gbà lásìkò, ní iye owó tí agbára wọn ká. Wọ́n ní ó yẹ kí a fi mílíọ̀nù 143 iṣẹ́ abẹ kún èyí tí a ń ṣe lọ́dọọdún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Wọ́n sì ní ó kéré tán, ó yẹ kí 100,000 ènìyàn ní 20 amọṣẹ́ láàárín wọn: àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn tó ń fúnni ní oògùn oorun, àti àwọn tó ń gbẹ̀bí. Ẹ má jẹ́ kí iye ńláńlá wọ̀nyí mú wa gbàgbé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ tí apẹ́ńdíìsì rẹ̀ bẹ́ lóru ni. Bàbá tí ìpá ká ìfun rẹ̀ mọ́ ni. Ìyá tó ti rọbí láti àná ni. Nígbà tí àwọn dókítà wa sì ń kó lọ sí òkè òkun lọ́pọ̀lọpọ̀, ta ni yóò rọ́pò wọn bí kò ṣe àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì lónìí?

ÀWỌN TÓ TI GBA Ọ̀NÀ YÌÍ KỌJÁ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ Erékùṣù Èkó. Samuel Manuwa, tí a bí ní ọdún 1903, kàwé ní King's College níbí kó tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè FRCS, oyè ńlá tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni. Nígbà tó padà sílé, ó ṣe irú ọ̀bẹ kan tí a fi ń tọ́jú egbò ńlá tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa.

Látúndé Ọ̀dẹ́kù, tí a bí ní Àwẹ́ ní ọdún 1927, lọ sí Methodist Boys' High School ní Èkó. Ó kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan. Ní ọdún 1962 ó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ kó tó kú ní ọdún 1974.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin náà, ẹ gbọ́ ti Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1910, ó kàwé ní Queen's College, ó sì gba oyè dókítà ní Dublin ní ọdún 1938. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn Massey Street, ní Erékùṣù wa yìí, ló ti ṣiṣẹ́, òun náà ló sì jẹ́ olórí ibẹ̀ láti ọdún 1960 sí 1969.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti sọdá òkun kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ti òde òní yàtọ̀. Dókítà Olúyínká Olútóyè kọ́ ìṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀ kó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2016, ní ìlú Houston, òun àti Dókítà Darrell Cass ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan tí oyún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 23. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde díẹ̀ nínú ilé ọmọ, wọ́n gé kókó ńlá tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n sì rán ilé ọmọ náà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn náà ni a bí ọmọ náà láàyè. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ Ẹnu Ọ̀wá lè gba fọ́ọ̀mù sí ni ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

KÍKỌ́ ẸNI TÓ JÌNNÀ KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Àwọn kan lè béèrè pé: "Ṣé orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́?" Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ jẹ́ kí a wo Abu al-Qasim al-Zahrawi, dókítà Mùsùlùmí tó gbé ní agbègbè Cordoba, ní ilẹ̀ Andalus, tó sì kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ó kọ ìwé ìṣègùn ńlá kan tó ní apá 30, ó sì ya apá tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ṣàlàyé. Ó fi àwòrán nǹkan bí 200 irinṣẹ́ sí i, kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ bí ọ̀bẹ, ẹ̀mú àti ayùn ṣe yẹ kó rí. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Gerard of Cremona tú ìwé náà sí èdè Látìn, àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Yúróòpù sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tí kò fojú kan al-Zahrawi rí di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwòrán ló gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ọdún 2014, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, Shafi Ahmed, ṣe ohun tó jọ ìyẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ òde òní. Ó wọ awò ojú tó ní kámẹ́rà nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn tó ti fọwọ́ sí i ní Royal London Hospital. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó nǹkan bí 13,000, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, ń wo ohun tó ń ṣe láti ibi tí wọ́n wà. Bí wọ́n bá kọ ìbéèrè, ìbéèrè náà á hàn nínú awò rẹ̀, yóò sì dáhùn.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ohun tí àwọn díẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀ di ti gbogbo ayé. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí àwọn ará Èkó jókòó sílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kò lè wọ yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sórí Zoom àti irú rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni InciSioN, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti onírúurú orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀ ní ọdún 2014 nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Àrùn náà lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là kò dí. Àwọn tó wà ní yunifásítì ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó dé ilé ẹ̀kọ́ gírámà.

ÌGBÀ WO NI KÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ DÉ ETÍ ỌMỌ?

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ni kókó ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ní ìdánwò àṣejáde. Nínú ìdánwò JAMB, èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni yóò ṣe. Ibo ni wọ́n ti ń yan àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ SS 1 ni. Ọmọ tó bá bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé físíìsì le, ti ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí yóò bá fi gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ ní SS 3, àtúnṣe rẹ̀ yóò gba ọdún púpọ̀ àti owó púpọ̀.

Nítorí náà, JSS 3 ni kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wáyé, kó tó di SS 1. Kí àwọn òbí sì wà níbẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí i.

Kí a má sì fi gígùn ọ̀nà náà pamọ́ fún wọn. Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ dókítà ní yunifásítì. Ọdún 1 ni yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà dókítà ní ilé ìwòsàn, yóò sì fi ọdún 1 sin ìjọba. Lẹ́yìn náà ni yóò fi nǹkan bí ọdún 6 kọ́ iṣẹ́ abẹ, tí yóò máa ṣe ìdánwò ní ìpele-ìpele lọ́dọ̀ West African College of Surgeons, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yábàá, tàbí lọ́dọ̀ National Postgraduate Medical College, tó wà ní Ìjanikin. Ẹni tó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 18 lè ti di ẹni ọdún 32. Ṣùgbọ́n kí òbí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọdún wọ̀nyí ni wọn yóò fi máa bọ́ ọmọ. Láti ìgbà tó bá ti jáde ní yunifásítì tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ló ti ń gba owó oṣù.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É NÍ ÀDÚGBÒ WA

1. Kí a péjọ sí ojú kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù, dátà ẹlòmíràn á tán, fóònù ìyá ẹlòmíràn á wà ní ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ariwo ilé kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Kíláàsì kan tàbí gbọ̀ngàn kan, kọ̀ǹpútà kan, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti tó fún ọgọ́rin ọmọ. Kí a dá owó dátà àti ti epo jẹnẹrétọ̀ jọ bí ẹni dá èsúsú. Kí a ní láìnì méjì, kí èkejì wà nílẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá já.

2. Kí olùbánisọ̀rọ̀ jẹ́ mẹ́ta. Kí ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kí ọ̀kan jẹ́ dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, kí ọ̀kan jẹ́ àgbà oníṣẹ́ abẹ. Bí ọmọ bá rí àgbà nìkan, yóò rò pé ibẹ̀ ga jù. Bí ó bá rí ẹni tó fi ọdún márùn-ún péré jù ú lọ, yóò mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Kí ó kéré tán obìnrin kan wà láàárín wọn.

3. Kí a mú àkókò tó bá gbogbo ènìyàn mu. Ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ilé kéú dára. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá wà ní London, aago wa àti tiwọn ṣe déédéé nígbà ẹ̀rùn wọn, ti wa sì fi wákàtí 1 ṣáájú nígbà òtútù. Bí ó bá wà ní New York, wákàtí 5 tàbí 6 la fi ṣáájú wọn, nítorí náà aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wa jẹ́ òwúrọ̀ fún un. Kí ìjókòó náà má ju wákàtí kan àbọ̀ lọ.

4. Kí ìbéèrè pọ̀ ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Kí àwọn ọmọ kọ ìbéèrè sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, láìkọ orúkọ sí i bí ojú bá ń tì wọ́n. Ọmọ kan lè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin kan lè fẹ́ mọ bí ẹni tó ń lo hìjáàbù ṣe ń múra. Kí dókítà sọ fún un pé gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ló ń bo irun rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ títí dé ìgbúnwọ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọ aṣọ mímọ́ alápá gígùn. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè mú ìdènà ọdún mẹ́wàá kúrò.

5. Kí ẹnì kan máa túmọ̀. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ tó ta kókó, kí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn sọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Òbí tó ń sọ pé "ọmọ mi kò ní máa gé èèyàn kiri" lè yí ohùn padà nígbà tó bá gbọ́ àlàyé.

6. Kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́. Kí a má fi ojú tàbí orúkọ aláìsàn kankan hàn. Bí a óò bá fi àwòrán iṣẹ́ abẹ hàn, kó jẹ́ èyí tí aláìsàn ti fọwọ́ sí, kí a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má ya á sórí fóònù. Ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́ kò tíì ṣe tán láti di dókítà.

7. Kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń polongo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ fún ìwé ẹ̀rí tí kò wúlò níbikíbi. Kò sí ìwé ẹ̀rí orí Zoom tó lè mú ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí ẹ̀rọ ayélujára lè fi ọ̀nà hàn, kò lè báni rìn ín. Ojú ni ọmọ fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí sí ọjọ́ Sátidé náà, láàárín oṣù kan yóò ti di ìtàn.

Nítorí náà, kí ohun mẹ́ta tẹ̀lé e. Èkíní, kí a kọ lẹ́tà sí olórí ilé ìwòsàn kan nítòsí, kí ó lè gba àwọn ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá láyè láti wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbi tí òfin bá gbà wọ́n láàyè dé. Èkejì, kí a fún ọwọ́ wọn ní iṣẹ́. Abẹ́rẹ́, òwú àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ti tó láti fi kọ́ bí a ṣe ń rán nǹkan láìya á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn náà máa ń fi irú rẹ̀ kọ́ra. Èkẹta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní yunifásítì, tí yóò máa pè é lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti béèrè físíìsì àti kẹ́mísírì rẹ̀.

Báwo la óò ṣe mọ̀ pé a ṣe é dáadáa? Kì í ṣe nípa iye ẹni tó wá jókòó. Kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ JSS 3 tó wá sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kí a wò ó: mélòó ló yan sáyẹ́ǹsì, mélòó ló ṣì wà níbẹ̀? Bí ọgọ́rin bá wá, tí márùn-ún péré sì dúró ṣinṣin, a ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí ẹyọ kan, kí a tún ọ̀nà wa ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ìjọba. Àwọn dókítà tó jẹ́ ọmọ Èkó pọ̀ nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní kọ̀ láti fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ fún àwọn àbúrò wọn bí a bá pè wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò gbé ìyá ẹnì kan láti Ẹnu Ọ̀wá lọ sí Ọ̀dàn lóru. Ẹ jẹ́ kí ó bá ẹni tó mọ àdúgbò rẹ̀, tó sì gbọ́ èdè rẹ̀, nídìí iṣẹ́. Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ ẹni mẹ́rin tó ń bá oníṣẹ́ abẹ ṣiṣẹ́, kí o sì sọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.
2. Kí ni ìdí tó fi jẹ́ JSS 3 ni ó dára jù láti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí?
3. Kí ni al-Zahrawi ṣe tó fi kọ́ àwọn tí kò rí i rí?
4. Nínú ẹ̀ka wa, ta ni a lè pè láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, níbo ni a lè péjọ sí, ta ni yóò sì máa tẹ̀lé àwọn ọmọ náà fún ọdún kan?